Ìbò 148 sí 5

Àǹtí mi ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní Sátidé kan. Southampton ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ kíà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọjọ́ yẹn wọn ò níṣẹ́, ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ sí etí òkun kan tó ń jẹ́ Calshot pé kí wọ́n lọ gba atẹ́gùn. Mo rò pé òkun ni mo máa rí nínú fọ́tò náà, àmọ́ pátákó àdúgbò ni, èyí tí wọ́n máa ń rì sí ẹnu òpópónà, wọ́n kọ Tristan Close sí i. Fóìsì nóòtù tẹ̀lé e: "Ìwọ tó o máa ń ka gbogbo nǹkan, ta ni Tristan? Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ yìí ní Tristan kan wà ní kíláàsì àwọn, ó ń bá mi jà pé bàbá ọmọ yẹn ló ni gbogbo àdúgbò."

Mo dáhùn pé ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mi ò tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ kí n lè ráyè ṣe nǹkan míì.

Tristan da Cunha ni orúkọ ẹ̀ ní kíkún, erékùṣù ni, ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló wà. Atukọ̀ Potogí kan ló rí i lọ́dún 1506, ó fi orúkọ ara ẹ̀ sọ ọ́, òkun ò sì jẹ́ kó sún mọ́ ọn, ló bá bá tiẹ̀ lọ. Láti Cape Town débẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,800 kìlómítà. Àwọn èèyàn tó sún mọ́ wọn jù ni àwọn ará St Helena, erékùṣù míì nínú òkun yẹn kan náà, ìyẹn náà ju 2,400 kìlómítà lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kó lè yé wa: ká ní Èkó lò ń gbé, kí ilé tó tẹ̀lé tìẹ wá wà ní Dakar, kó wá jẹ́ pé omi ló kún gbogbo àárín ẹ̀, kò sí Kútọnu, kò sí Accra, kò sí Abidjan, omi ṣáá. Kò sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ òkun lèèyàn máa wọ̀ ní Cape Town, á rìn tó bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì tó bá débẹ̀ tán òkun á ní òun ò gbà, ọkọ̀ á dúró síta, àwọn èrò inú ẹ̀ á máa wo abúlé bí ajá ṣe ń wo ẹran lókè àjà, títí òkun á fi rọlẹ̀.

Erékùṣù yẹn fúnra ẹ̀, òkè ayọnáyèéfín ni, ó ga ju 2,000 mítà lọ, gàgàrà ló yọ látinú omi. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tí èèyàn lè kọ́lé sí kò tó nǹkan, orí ìwọ̀nba yẹn ni abúlé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ jókòó sí. Orúkọ abúlé náà gùn ju abúlé gan-an lọ: Edinburgh of the Seven Seas, nítorí ọmọ Ọbabìnrin Victoria kan tó jẹ́ Duke of Edinburgh, tó ya ibẹ̀ ní 1867. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ráyè ìyẹn, "Settlement" lásán ni wọ́n ń pè é. Wọn ò tó 250. Tí gbogbo wọn bá wá síbi ìgbéyàwó kan níbí, tọmọdé tàgbà, àga á ṣì kù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún orúkọ ìdílé méje péré ló wà láàárín wọn: Glass, Swain, Green, Rogers, Hagan, Repetto, Lavarello. Tó o bá dúró sójúde tó o pe "Ìyá Swain," o ti dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe débẹ̀ ló kọ́kọ́ dì mí mú. Kò sẹ́ni tó jókòó tó ní òun fẹ́ tẹ ìlú dó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ṣẹ́gun, mọ́ St Helena, ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé àwọn èèyàn ẹ̀ lè fi Tristan ṣe ibùba tí wọ́n á ti wá gbé e sá lọ, ni wọ́n bá kó ṣọ́jà lọ síbẹ̀ lọ́dún 1816. Ẹ rántí pé 2,400 kìlómítà ló wà láàárín o. Ẹ̀rù ọkùnrin yẹn bà wọ́n lóòótọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ìjọba ní ó tó, ẹ máa bọ̀. Kọ́púrà kan tó ń jẹ́ William Glass, ọmọ Scotland, ní òun àtìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun máa dúró, àwọn méjì míì dúró tì í. Wọ́n wá kọ ìwé àdéhùn ní November 1817. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò gùn: ẹran ọ̀sìn àti ẹrù, tiwa ni lápapọ̀; èrè, a máa pín in dọ́gba; ìnáwó, a jọ máa ná an; kí àlàáfíà sì lè wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ara ẹ̀ ṣe ọ̀gá lórí ẹnì kejì.

Mo ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Àdúgbò tí mò ń gbé báyìí, ilé méjìlá ni wá, a ní alága, igbákejì alága, akọ̀wé àti "pátírọ́ọ̀nù," a ṣì ń jà lórí ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ géètì dání.

Lẹ́yìn ìyẹn ó jọ pé òkun gan-an ló ń yan ará ìlú fún wọn. Ọmọ ilẹ̀ Holland kan, ọkọ̀ ẹ̀ fọ́ síbẹ̀ ní 1836, ó dúró, Pieter Groen ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di Peter Green. Àwọn ará Ítálì méjì, ọkọ̀ tiwọn náà fọ́ ní 1892, àwọn ló ni Repetto àti Lavarello. Rogers àti Hagan, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń pa ẹja àbùùbùtán kiri ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó pé, àpọ́n ti pọ̀ jù níbẹ̀, ni wọ́n bá bẹ ọ̀gá ọkọ̀ kan pé kó bá àwọn wá ìyàwó bọ̀ láti St Helena. Ó sì mú wọn wá lóòótọ́ ní 1827, obìnrin márùn-ún. Gbogbo ibi tí mo ti ka ìtàn yìí, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, alárinà orí omi. Ọkàn mi ò kúrò lára àwọn obìnrin yẹn. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fi wà lójú omi, wọn ò mọ ojú ọkọ, wọn ò mọ ìwà ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, kò síbi téèyàn ń sá gbà lọ sílé bàbá ẹ̀. Àwọn gan-an ni ìyá ńlá abúlé yìí. Tí wọ́n bá máa ki oríkì ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àwọn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kì, kí wọ́n tó dé orí kọ́púrà.

Òkun tó ń fún wọn léèyàn náà ló ń gbà wọ́n padà. Ní November 1885 wọ́n rí ọkọ̀ kan tó ń kọjá, ọkùnrin 15 wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n tukọ̀ lọ bá a kí wọ́n lè ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìkankan tó padà wá. Ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú kan ṣoṣo, ní abúlé tó kéré tó báyẹn! Àwọn opó ló kù, àwọn àti ọmọ àti pòtétò tí wọ́n ní láti hú.

Pòtétò yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òun ni oúnjẹ wọn, bí iṣu ṣe rí fún àwọn bàbá wa. Oko wọn ò sí nínú abúlé, wọ́n máa ń rìn lọ síbẹ̀, The Patches ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi òkúta mọ ògiri kéékèèké yí oko kọ̀ọ̀kan ká kí atẹ́gùn òkun má baà run ún. Owó ò wúlò fún wọn nígbà kan, pòtétò ló jẹ́ owó. Lọ́dún 1946 tí wọ́n ń gbèrò àtiṣe sítáǹpù tiwọn, ẹni tó ya àwòrán ẹ̀ kọ iye ẹ̀ sí i lọ́nà méjì, kọ́bọ̀ òyìnbó kan, àbí pòtétò mẹ́rin. Mo wo àwòrán sítáǹpù yẹn pẹ́. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná báyìí o, wọ́n sì ń ta sítáǹpù fún àwọn tó ń kó o jọ káàkiri ayé, àmọ́ gbogbo ìdílé ṣì ní oko pòtétò tiẹ̀.

Ohun tó ń mówó wọlé jù ni edé ńláńlá inú òkun wọn, èyí tí òyìnbó ń pè ní lobster, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń tà á sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó ń dá lọ nígbà tó bá wù ú. Sílíńdà gáàsì àtijọ́ kan wà tí wọ́n so rọ̀ sáàárín abúlé, ní ìdájí tí ojú òkun bá dára, wọ́n á lù ú, gbàgàgbàgà. Gbogbo abúlé ti gbọ́ nìyẹn: òní ni ọjọ́ ẹja. Ẹni tó jẹ́ káfíńtà á ju òòlù sílẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba á gba èbúté lọ, àwọn tó kù á lọ dúró de edé ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dì í. Tí wọn ò bá gbọ́ agogo yẹn, kálukú á máa bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ. Màlúù àti àgùntàn náà, òfin ló sọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan lè sìn, kí koríko má baà tán, kí ẹnì kan má sì baà dolówó lórí àwọn yòókù. Ilẹ̀, àlejò ò lè rà á, bó ti wù kó lówó tó. Mo mọ àwọn kan tó máa kà èyí tí inú wọn á bàjẹ́.

Wọ́n ń ṣeré náà. Ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tí gbogbo ọkùnrin máa ń lọ pa eku ní oko, wọ́n á gé ìrù ẹ̀ bọ̀, wọ́n á kà á, ẹgbẹ́ tó bá ní ìrù tó pọ̀ jù ló gba ẹ̀bùn, ìrù tó gùn jù náà ní ẹ̀bùn tiẹ̀. Ní alẹ́ tí ọdún bá ń parí lọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á bo ojú, wọ́n á wọ aṣọ jákujàku, wọn ò ní sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ohùn wọn mọ̀, wọ́n á wá máa dẹ́rù ba àwọn èèyàn láti ilé dé ilé, pàápàá àwọn ọmọge. Okalolies ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí mo pè é nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n níbi tí èèyàn ò ti tó 250, tí o mọ bí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe ń rìn láti ọjọ́ tó ti ń rá, báwo lo ṣe máa díbọ́n pé o ò mọ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀? Ó dá mi lójú pé wọ́n mọ̀. Àwa náà ń mọ̀. A kì í sọ ọ́ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé Calshot.

Ní August 1961 ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni, àpáta ń já bọ́, ilẹ̀kùn ò ṣe é tì mọ́ dáadáa. Nígbà tó fi máa di October, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ abúlé ya, ó wú sókè bí ìgbà tí eéwo bá fẹ́ tú, iná yọ. Kì í ṣe orí òkè lọ́hùn-ún o, ẹ̀gbẹ́ ilé wọn gan-an. Gbogbo wọn, èèyàn 264, kó sínú ọkọ̀ ẹja, wọ́n gba erékùṣù kejì tó ń jẹ́ Nightingale lọ, ibẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn ará Holland kan ti wá gbé wọn lọ sí Cape Town, láti Cape Town wọ́n wọ ọkọ̀ Stirling Castle, wọ́n gúnlẹ̀ sí Southampton ní ọjọ́ 3 November 1961. Wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí bárékè kan ní Surrey, nígbà tó di 1962 wọ́n kó wọn wá sí Calshot, sínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ń gbé tẹ́lẹ̀. Òpópónà tí Àǹtí mi ya fọ́tò ẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ sì wo bí ayé ṣe rí. Nínú ayé tí gbogbo wa ń wá bí a ṣe máa jápa, tí ẹni tó ti ta mọ́tò àti ilẹ̀ ṣì ń sunkún ní ọ́fíìsì vísà, àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé dé Ìlú Ọba, wọ́n fún wọn nílé, wọ́n bá wọn wá iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní bank statement. Wọ́n rí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rí bọ́ọ̀sì, wọ́n gba owó oṣù. Ọdún kan péré, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Ilé wo? Ilé tí iná ń jáde nínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀!

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí ara wọn ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, àwọn àgbàlagbà mélòó kan kú níbẹ̀. Àwọn dókítà ń wá yẹ̀ wọ́n wò, àwọn oníròyìn ń wá gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n di ìran. Nígbà tí àwọn onímọ̀ lọ wo erékùṣù náà ní 1962, wọ́n ní ilé iṣẹ́ edé ni iná gbé mì àti etíkun tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí, àmọ́ àwọn ilé ṣì dúró. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìjọba ò kọ́kọ́ yá sí i, wọ́n rò pé táwọn èèyàn yìí bá ti jẹ ayé òyìnbó díẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Ní December 1962 wọ́n dìbò, ìbò ìkọ̀kọ̀. Ẹni 148 ní ká padà, ẹni márùn-ún ní ká dúró. Nígbà tó fi máa di ìparí 1963, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti délé. Èbúté kékeré tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní 1967, Calshot Harbour ni wọ́n sọ ọ́.

Èyí ni mo ń rò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni "àjò ò dùn kí onílé má relé," ó sì tẹ́ mi lọ́rùn fún bí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Nítorí pé ní Calshot, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Kò sẹ́ni tó fọ́n wọn ká. Aládùúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ ní Tristan ló ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ ní England. Kí ló wá sọnù? Mo rò pé agogo yẹn ni. Ní England, aago iṣẹ́ tìẹ yàtọ̀ sí tèmi, ọ̀gá tìẹ yàtọ̀ sí tèmi, tí òkun bá dára tí kò bá dára kò kan ẹnikẹ́ni. Mi ò nílò ẹ láti fà ọkọ̀ mi sókè, ìwọ náà ò nílò mi. Owó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé inú ilé face-me-I-face-you rí, tẹ́ ẹ wá kó lọ sí fúláàtì tiyín, tẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí baluwẹ̀ tiyín, tó wá di ọjọ́ kan tí ara yín ò yá tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹta lẹnì kan tó mọ̀, ẹ̀yin lẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí n fi oyin sí i. Ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀run. Ikọ́ fée ń bá wọn jà gan-an, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn, nítorí ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Tí àìsàn tó le bá ṣe ẹ́, ọkọ̀ tó ń kọjá lo máa gbójú lé. Tí ìwọ àti ẹnì kan bá jà, ẹ máa pàdé lọ́la, ẹ máa pàdé lọ́tùnla, ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n padà délé, àwọn kan nínú wọn tún di ẹrù wọn, wọ́n gba England lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń lọ kàwé lókè òkun títí dòní, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń padà. Àti ríra nǹkan lórí ayélujára, ó di 2005 kí wọ́n tó fún wọn ní postcode, TDCU 1ZZ, nítorí tí wọ́n bá kọ Edinburgh sí àdírẹ́sì, àwọn tó ń ta ọjà rò pé ti Scotland ni.

Síbẹ̀, ní March 2011 ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Oliva fọ́ sí Nightingale, epo dà sínú òkun, ó bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún pẹ́ńgúìnì. Abúlé yẹn tú jáde. Wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, ẹni 22, sílé, wọ́n sì fi ọkọ̀ kó àwọn ẹyẹ bọ̀, wọ́n ń fọ epo kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ odò ìwẹ̀ abúlé di ilé pẹ́ńgúìnì. Ọ̀pọ̀ ló ṣì kú. Ní November 2020 wọ́n kéde pé wọ́n ti dáàbò bo òkun tó yí wọn ká, ó ju 687,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, kí ẹnikẹ́ni má pẹja níbẹ̀ àfi ní ìwọ̀nba ibi táwọn fúnra wọn ń pẹja. Ká pín Nàìjíríà sọ́nà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú ẹ̀. Èèyàn tí kò kún gbọ̀ngàn ìgbéyàwó!

Alẹ́ àná mo wá pe Àǹtí mi. Wọ́n ń múra iṣẹ́ alẹ́, mò ń gbọ́ ìró abọ́ àti omi, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, kọ́púrà, àwọn ìyàwó márùn-ún, agogo, eku, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dé ibi ìbò. Mo ti ń retí pé wọ́n máa ní "ẹ ò rí i, ilé nilé ń jẹ́," nítorí pé àwọn ló máa ń ké sí mi ní January pé òtútù fẹ́ pa àwọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ìbò mélòó lo ní ó ní kí wọ́n dúró?"

"Márùn-ún, Àǹtí."

"Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ìbá di mẹ́fà."

Mo ní ha. Wọ́n ní kí n má ṣe ha, ta ló máa kó ọmọ padà sídìí iná? Bọ́ọ̀sì wọn dé, wọ́n gé fóònù.

Ó tó wákàtí kan kí fóìsì nóòtù tó wọlé, kò gùn, atẹ́gùn ń fẹ́ nínú ẹ̀, ó jọ pé iwájú ilé oníbàárà wọn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. "Àmọ́ mo máa gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ o. Màá sìn wọ́n dé èbúté."